Ìpínlẹ̀ Kàdúná ni wọ́n gbé ọkọ mi lọ: ìlú wo ni kí a kó àwọn ọmọ sí?

Ìyá Ìbejì Òṣogbo

Ẹ kú ilé o. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí, torí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé tí èmi àti Bàbá Ìbejì ti ń fà á mọ́ra wa lọ́wọ́, a ò tíì rí ojútùú.

Ilé iṣẹ́ tó ń ta oúnjẹ adìyẹ ni ọkọ mi ń bá ṣiṣẹ́. Wọ́n ní kó lọ máa mójú tó gbogbo ìpínlẹ̀ Kàdúná, láti Zaria títí dé Kafanchan, kó máa yí àwọn olóko adìyẹ po. Wọ́n fún un ní mọ́tò. Wọ́n ní ibi tó bá wù ú ni kó fi ṣe ibùgbé, àwọn ò bá a yàn. Ìyẹn gan-an ló dá wàhálà sílẹ̀. Ká ní wọ́n sọ pé ibi báyìí ni ẹ ó máa gbé ni, à bá ti di ẹrù wa.

Èmi ò kọjá Ìlọrin rí láyé mi. Òun ṣe àgùnbánirọ̀ ní Katsina, ó gbọ́ Hausa, ìyẹn èyí tó tó fi ra súyà.

Ẹni mẹ́fà la máa lọ. Àwa méjì, àwọn ìbejì tí wọ́n ti pé ọdún mẹ́sàn-án, Ìdòwú ọmọ ọdún mẹ́rin, àti ìyá mi. Ìyá mi ti pé ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin, Yorùbá nìkan ló gbọ́. Ní Òṣogbo níbí, ẹnu ọ̀nà ló máa ń jókòó sí láti àárọ̀, ẹni tó bá kọjá tí kò kí i, á pè é padà. Ibi tí kò bá ti ní rí ẹni bá sọ̀rọ̀, ibẹ̀ á pa á ni.

Kẹ́hìndé ní ikọ́ fée, èyí tí wọ́n ń pè ní ásímà. Ínhélà rẹ̀ kì í kúrò nínú báàgì mi. Mo sì ti gbọ́ nípa ọyẹ́ ọ̀hún. Téélọ̀ ni èmi, aṣọ obìnrin ni mò ń rán. Ẹ̀rọ mẹ́ta ni mo ní, mo sì ń kọ́ ọmọ iṣẹ́ méjì.

Èyí tó wá le jù nìyí. Mùsùlùmí ni ọkọ mi, Áńgílíkà ni èmi. Táíwò ń bá bàbá rẹ̀ lọ sí àsàlátù, Kẹ́hìndé wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ọmọdé ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Wọ́n fúnra wọn ló pín ara wọn bẹ́ẹ̀, a ò pín wọn. Ní Òṣogbo, kò sẹ́ni tó bi wá léèrè rí. Àmọ́ ẹ̀gbọ́n ọkọ mi kan tó ti gbé Kàdúná rí pè wá lórí fóònù, ó ní odò ló la ìlú náà sí méjì: àríwá odò ti Mùsùlùmí, gúúsù odò ti Kristẹni. Ó ní, “Ẹ̀yin wá ńkọ́, ṣé inú odò lẹ máa gbé ni?” Òun àti ọkọ mi rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín.

Ọkọ mi ń fẹ́ Zaria, ó ní oko adìyẹ pọ̀ lápá ibẹ̀. Èmi ń ro ìgboro Kàdúná. Ẹnì kan tún dárúkọ Kafanchan. Owó ilé tí a lè san kò ju 700,000 náírà lọ́dún. Ẹni tó bá ti kó ọmọ lọ síbẹ̀ ni kó gbà mí nímọ̀ràn. Ẹ má sì sọ fún mi pé Ọlọ́run wà níbi gbogbo o. Mo mọ̀. Ó wà ní Òṣogbo náà.

Ará Samaru

Ẹ kú iṣẹ́, ìyá wa. Ọdún kẹrìnlá tí mo ti wà ní Zaria rèé, inú láàbù ní yunifásítì ABU ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Mo fẹ́ràn ibí yìí, torí náà n ó kọ́kọ́ yìn ín ná.

Ẹni tó bá ní Zaria lòun ń gbé, ẹ bi í pé Zaria wo. Birnin wà, ìyẹn ìlú àtijọ́ tí ààfin Ẹ́mírì wà nínú odi rẹ̀. Tudun Wada wà. Sabon Gari wà, ibẹ̀ ni àwọn Yorùbá àti Ìgbò tẹ̀dó sí láti ayé òyìnbó. Samaru náà wà, níbi tí yunifásítì ti wà láti 1962. Samaru ló lè gba irú ìdílé yín. Kò sí ẹ̀yà tí ẹ ò ní bá níbẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ àti òṣìṣẹ́ ló kún ibẹ̀, wọn kì í sì í bi ẹnikẹ́ni ní ohun tó ń jọ́sìn. Màmá náà á rí ẹni bá sọ̀rọ̀ ní Sabon Gari. Àwọn Yorùbá kan wà níbẹ̀ tí bàbá bàbá wọn ló kó wá. Yorùbá wọn, tí Hausa ti wọ inú rẹ̀, máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Wọ́n á ní “Ẹ jókòó mana,” wọ́n á ní “Mo ti sọ fún un fa.” Láàárín oṣù kan, Màmá náà á ti máa fi “fa” sí i.

Ó ku òótọ́. Omi kò rọrùn ní Zaria. Ọmọlẹ́nkẹ́ máì rúwá, ìyẹn àwọn tó ń ta omi, ni ọ̀pọ̀ wa gbójú lé, kéègì mẹ́wàá mẹ́wàá nínú kẹ̀kẹ́ kan, tí ẹ bá sì pẹ́ jí, ó ti kọjá lọ. Ẹ má gba ilé tí kò ní kànga tàbí kànga ẹ̀rọ nínú ọgbà.

Ọyẹ́ ńkọ́? Láti ìparí November títí wọ February, ọjọ́ mìíràn wà tí n kì í rí ilé tó kọjú sí tèmi ní aago méje àárọ̀. Eruku lẹ́búlẹ́bú, inú kọ́bọ́ọ̀dù tí ẹ tì pa pàápàá, ẹ ó bá a níbẹ̀. Èmi tí n kò ní ikọ́ kankan, ọ̀fun mi máa ń gbẹ dé ibi pé imú mi á máa ṣẹ̀jẹ̀. Ilé ìwòsàn yunifásítì wà ní Shika, kò jìnnà sí Samaru, àwọn dókítà ọmọdé wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n pé ilé ìwòsàn wà nítòsí kọ́ ló yẹ kó mú yín kó ọmọ wá síbi tí á ti máa lò ó.

Tí kì í bá ṣe ti Kẹ́hìndé ni, ǹ bá ní ẹ máa bọ̀ kíákíá. Kàdúná sí Zaria kò ju nǹkan bí 80 kìlómítà lọ. Ọkọ yín lè wá bẹ àwọn olóko adìyẹ wò láàárọ̀ kó sì padà sílé jẹ oúnjẹ alẹ́.

Adé Kubwa

Kí ló dé tí ẹ ń fìyà jẹ ara yín? Ẹ wá gbé Kubwa ní Abuja níbí. Yorùbá kún ibí bí ẹni wà ní Ìbàdàn, ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́sálásí wà lórí ara wọn, ilé ìwé gidi wà. Kí ọkọ yín máa wọ ọkọ̀ ojú irin láti ibùdókọ̀ Kubwa lọ sí Rigasa ní Kàdúná ní Monday, kó padà ní Friday. Àwa tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ pọ̀.

Ìyá Ìbejì Òṣogbo

Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n Samaru, Ọlọ́run á bù kún yín. Mo ka ti ọyẹ́ yẹn sí ọkọ mi létí lẹ́ẹ̀mejì. Ó dákẹ́.

Adé, owó ilé ní Kubwa ńkọ́? Mo béèrè, àwọn tó dá mi lóhùn kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín ná.

Màmá Barnawa

Ìyá Ìbejì, ọmọ mi, mo kí ọ, mo sì kí ìyá rẹ. Ọmọ mi kan ló ń bá mi tẹ èyí, èmi ń sọ ọ́, òun ń tẹ̀ ẹ́, torí náà bí ó bá gùn, òun ni kí ẹ bú.

Ní 1987 ni mo dé Kàdúná, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló gbé mi wá. Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí, Bàptíìsì láti inú ìyá mi. Ọmọ Ìlọrin ni ọkọ mi, Mùsùlùmí. Ìwọ gbọ́ ohun tí mo ń sọ. Ọ̀rọ̀ rẹ ti ṣẹlẹ̀ sí mi rí.

Ohun tí ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ sọ, òótọ́ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n odò kò dá ẹ̀ṣẹ̀ kankan. Odò ti wà níbẹ̀ kí Lugard tó gbé olú ìlú Àríwá wá síbí ní 1917. Nígbà tí mo dé, Mùsùlùmí ń gbé Sabon Tasha, Kristẹni ń gbé Tudun Wada ti Kàdúná níbí, kò sẹ́ni tó ń ka orí wọn. Ìjà Ṣàríà ní 2000 ló jẹ́ kí àwọn èèyàn máa kó ẹrù kọjá lórí afárá, àwọn kan ń lọ, àwọn kan ń bọ̀.

Tudun Wada là ń gbé nígbà náà, lápá àríwá. Ọjọ́ tí ìjà bẹ́ nínú oṣù February, ọkọ mi wà ní Kano. Aládùúgbò wa kan, Hajiya, obìnrin Hausa, gba ẹ̀yìnkùlé wọlé tọ̀ mí wá. Ó wé ìbòrí fún mi, ó gbé ọmọ tirẹ̀ pọ̀n sí mi lẹ́yìn, ó ní bí ẹnikẹ́ni bá bi mí ní nǹkan, kí n má là ẹnu, òun á ní odi ni mí. Mo gbọ́ Hausa dáadáa o, ṣùgbọ́n Hausa mi ń rùn Ògbómọ̀ṣọ́. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi yadi nílé Hajiya.

Nígbà tí ọkọ mi dé, ó ní a ò gbé ibẹ̀ mọ́. A kọjá sí Sabon Tasha, lápá gúúsù. Èmi sinmi. Ìyà wá kan òun. Ẹni tí wọ́n ń kí ní “Alhaji” láti ẹnu ọ̀nà dé ọjà wá di ẹni tó ń yọ́ jáde ní ìrun àárọ̀ bí ẹni tó jalè. Kò sí mọ́sálásí tí ẹsẹ̀ lè gbé e dé. Nínú oṣù May ọdún kan náà, ìjà tún bẹ́. Èmi ni mo wá fi òun pamọ́ sínú yàrá. Mi ò ṣáà pọ̀n ọmọ lé e lẹ́yìn.

Ní ọdún tó tẹ̀ lé e la kó wá sí Barnawa, ibẹ̀ la sì wà dòní. Gúúsù odò náà ni, ṣùgbọ́n àwọn ilé tí ìjọba kọ́ fún òṣìṣẹ́ wà níbẹ̀, àwọn tí wọ́n pè ní Low Cost. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti pín in fún ẹ̀yà gbogbo, àdàpọ̀ yẹn kò sì tíì tán. Mo ń gbọ́ ìpè ìrun láti orí ibùsùn mi, mo sì ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí ìsìn. Mi ò sọ pé kò sí ewu o. Ọjọ́ tí ìlú bá dàrú, gbogbo wa là ń tilẹ̀kùn. Ohun tí mo ń sọ ni pé lójoojúmọ́ tí ìlú kò dàrú, tí ó sì pọ̀ ju èyí tó dàrú lọ fíìfíì, ẹnikẹ́ni nínú ilé rẹ kò ní máa yọ́ rìn.

Nítorí náà, bí ẹ bá wá wolé, ẹ má wá ní Tuesday. Ẹ dé ní Friday kí aago méjìlá tó lù, kí ẹ sì dúró di ọ̀sán Sunday. Ẹ wo bí àdúgbò ṣe ń ṣe lọ́jọ́ Jímọ̀, ẹ wo bó ṣe ń ṣe lọ́jọ́ ìsìn. Kí ìwọ fi ìborùn ṣọ́ọ̀ṣì rẹ jáde, kí ọkọ rẹ wọ fìlà rẹ̀, kí ẹ jọ rìn. Ojú àwọn èèyàn á sọ fún yín.

Ẹ má gba ilé tó sún mọ́ odò, bó ti wù kó pọ́ọ́kú tó. Láti July títí dé September, odò Kàdúná máa ń wá wo àwọn tó kọ́lé sí etí rẹ̀, ní Barnawa níbí náà. Ẹ má sì gba ilé etí ìlú tí wọ́n ń kọ́ lọ́tun lẹ́gbẹ̀ẹ́ igbó. Àwọn ajínigbé ti lé àwọn kan tí mo mọ̀ kúrò nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, ilé tó rẹwà, kò tíì pé ọdún kan.

Ti Kẹ́hìndé: irọ́ ni kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé ọyẹ́ kì í mú ní Kàdúná. Ó kàn lè dín ní ti Zaria díẹ̀ ni. Ohun tí ìwọ máa wá ni ojú ọ̀nà tí wọ́n da ọ̀dà sí. Ọ̀nà eléruku kan lẹ́nu ilé burú ju ọyẹ́ lọ, torí òun kì í lọ ní March. Kó máà sí ibi tí wọ́n ti ń sun pàǹtí nítòsí, kó máà sí ibi tí wọ́n ti ń mọ búlọ́ọ̀kù. Tó bá ṣeé ṣe, ẹ gba òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Lásìkò ọyẹ́, aṣọ tútù ni kó o máa fi nu ilẹ̀, má gbá a. Má dúró di December kó o tó wá dókítà, wá a ní October. Ilé ìwòsàn Barau Dikko wà, ilé ìwòsàn àwọn ológun tí wọ́n ń pè ní 44 náà wà, wọ́n ń tọ́jú ará ìlú.

Ilé ìwé: bi wọ́n léèrè bí wọ́n bá ń kọ́ Hausa, torí ẹ̀kọ́ tó ní ìdánwò ni. Àwọn ìbejì rẹ á kùnà rẹ̀ ní táàmù àkọ́kọ́. Má nà wọ́n. Bó bá di táàmù kẹta, wọ́n á máa fi í bú ara wọn kí o má baà gbọ́.

Kafanchan tutù, òjò rẹ̀ ju tiwa lọ, ìyókù ìpínlẹ̀ kò ní ewéko tó bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ó jìnnà. Láti ibẹ̀ lọ sí Zaria, ọkọ rẹ á máa sùn sí ojú ọ̀nà. Ọ̀nà yẹn kì í sì í ṣe èyí tí mo fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa rìn lálẹ́.

Adé ọmọ mi, ọkọ̀ ojú irin yẹn dára, mo máa ń wọ̀ ọ́ lọ kí àwọn ọmọ ọmọ mi. Ó bẹ̀rẹ̀ ní July 2016. Àwọn agbébọn kọlù ú ní March 2022, kò sì rìn mọ́ títí di December ọdún yẹn. Ìwọ ṣírò rẹ̀. Kí ọkọ wà ní Rigasa, kí ìyàwó wà ní Kubwa, kí ọmọ máa sín lóru, oṣù mẹ́jọ.

Ti ìyá rẹ kò tó nǹkan. Mo mú ìyá tèmi náà wá ní 2009, ìbẹ̀rù yìí kan náà ni mo ní. Lọ́jọ́ kejì ni mo bá a lẹ́nu ọ̀nà tó ń bá ẹlẹ́kúnú jà lórí owó. Yorùbá ni ìyá mi ń sọ, Hausa ni ìyẹn ń sọ, wọ́n sì gbọ́ ara wọn yé. Ọdún mẹ́fà ni wọ́n fi jà.

Adé Kubwa

Mo kúnlẹ̀, Màmá. Mo fa ọ̀rọ̀ mi sẹ́yìn.

Ará Samaru

Ọkùnrin kì í kúnlẹ̀, dọ̀bálẹ̀.

Ìyá Ìbejì Òṣogbo

Màmá, mo ka tiyín fún ìyá mi. Ibi tí ẹ ti yadi, ó pàtẹ́wọ́. Ibi tí ẹ ti fi ọkọ pamọ́, ó ní kí n tún un kà.

A ti lọ, a ti dé. Friday la wọ ìlú bí ẹ ṣe wí. Ilé mẹ́ta ni aṣojú onílé mú wa lọ wò. Ti àkọ́kọ́ pọ́ọ́kú, 450,000, ó fẹ̀, ó ní igi máńgòrò. Mo rí ilà kan lára ògiri rẹ̀ tó ga tó orúnkún mi, ó yí gbogbo ilé po. Mo ní kí ni èyí, ó ní ọ̀dà aláwọ̀ méjì ni, pé bí wọ́n ṣe ń kun ilé lápá ibẹ̀ nìyẹn, ìsàlẹ̀ dúdú, òkè funfun. Mo rìn dé ẹ̀yìn ọgbà, mo gbọ́ odò. A wọ mọ́tò.

Ìkejì kò burú, àmọ́ ibi tí wọ́n ti ń mọ búlọ́ọ̀kù ló kọjú sí i. Ẹ̀yin lẹ jẹ́ kí n rí i, ojú mi ì bá má dé ibẹ̀.

Ẹ̀kẹta wà ní òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ní Barnawa, ọ̀dà dé ẹnu géètì. Bàbá ará Nupe kan ló ni ín. Mo ti di ìdáhùn sẹ́nu nípa ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn, bàbá yìí kò bi wá. Ó ní èèyàn mélòó la jẹ́, ẹ̀ẹ̀melòó la ń wẹ̀ lóòjọ́, torí kànga ẹ̀rọ òun kì í ṣe odò. 750,000 ló pè é, a bẹ̀ ẹ́ dé 720,000. Lọ́jọ́ Jímọ̀, Táíwò àti bàbá rẹ̀ fi ìṣẹ́jú mẹ́fà rìn dé mọ́sálásí. Lọ́jọ́ Sunday, ìṣẹ́jú mọ́kànlá ló gba èmi àti Kẹ́hìndé kí a tó dé ṣọ́ọ̀ṣì. Ọkọ mi ní òun borí. Ó ti ń pe ibẹ̀ ní “ilé wa” lórí fóònù, òun tó ní Zaria tàbí kò sí.

Ó ku ohun kan tí mo fẹ́ béèrè. Àwọn ẹ̀rọ mi mẹ́ta, ṣé kí n kó wọn sínú lọ́rì tàbí kí n tà wọ́n níbí kí n ra òmíràn lọ́hùn-ún? Mo gbọ́ pé ìlú aṣọ ni Kàdúná.

Màmá Barnawa

Ìlú aṣọ ni nígbà kan, ọmọ mi. Kakuri tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa níbí, ariwo ẹ̀rọ ìhunṣọ ló ń jí wa. Wọ́n ti KTL, ilé iṣẹ́ ìhunṣọ kan níbẹ̀, pa ní 2002. Aṣọ tí wọ́n ń tà ní ọjà Sheikh Gumi báyìí, òkè òkun ló ti ń wá. Àwọn tó ń wọ̀ ọ́ ṣì wà ṣá, wọ́n ń ṣe ìgbéyàwó ní gbogbo Saturday.

Kó ẹ̀rọ rẹ wá. Èyí tí ọwọ́ rẹ ti mọ̀ ni kó o máa lò. Fi aṣọ àti fóòmù wé orí wọn dáadáa, kí o sì yọ abẹ́rẹ́ kúrò. Sọ fún awakọ̀ lọ́rì pé kó sùn ní Lokoja, kó má fi òru rìn. Kí o sì fún àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ méjèèjì ní nọ́ńbà mi, torí mo ní aṣọ léèsì kan nílẹ̀ tí téélọ̀ kan bà jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́ láti Iléyá, ọmọ ọmọ mi sì fẹ́ ṣe ìgbéyàwó ní October.